Ọmọ Tí Kò Ní Agboolé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó bu erùpẹ̀ mọ Ánábì Ádámọ̀, tí kò sì sọ fún wa pé erùpẹ̀ Ọ̀yọ́ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ánábì wa Mùhámmádù, ẹni tí àwọn ará ilé rẹ̀ lé jáde, tí àwọn ará ìlú mìíràn sì gbà sílé.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tẹ fóònù lẹ́yìn yẹn, ẹ̀kọ́ tòní kò gùn. Dandan ni fún Mùsùlùmí kó fún ẹlẹ́tọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, kó má sì bi í pé ẹ̀yà wo ló ti wá. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yà du ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́, ìtìjú ló ń fowó ara rẹ̀ rà. Ẹ jẹ́ n fi ìtàn gbè é lẹ́sẹ̀.

Ìlú kan wà ní Òkè-Ògùn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo rí ará ibẹ̀ méjì nínú àwùjọ yìí, wọ́n sì ti ń wolẹ̀. Aránṣọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Hàwáù. Ọmọ Ìbò ni, láti ẹ̀yìn Ẹnúgù lọ́hùn-ún, níbi tí ìdílé Mùsùlùmí wà láàárín àwọn Ìbò. Ẹ má lanu. Wọ́n wà. Àbí ẹ̀yin lẹ ń bá Ọlọ́hun pín ìmọ̀nà ni? Ọkọ rẹ̀, Ibúráhímà Ugwu, ń jó irin lẹ́bàá gáréèjì. Ìlú yẹn ni wọ́n bí Sùmáyà ọmọ wọn sí. Èdè Òkè-Ògùn tí Hàwáù ń sọ, ó jinlẹ̀ débi pé bó bá ń nájà, àwọn ará Ìbàdàn á ní kó jọ̀ọ́, kó rọra sọ ọ́.

Sùmáyà ka Kùránì parí. Wòlímọ̀ kù dẹ̀dẹ̀. Àṣà ilé-kéwú wọn ni pé ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n kà jù ni í jókòó síwájú, òun ni í gbé ohùn, kí àwọn yòókù tó gbè é. Ààfáà Búsẹ́rì, olùkọ́ wọn, dán gbogbo wọn wò lójú àwọn òbí. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀: Sùmáyà ni. Oṣù púpọ̀ ni àwọn ọmọ náà sì fi ń kọ́ kíkà lẹ́yìn rẹ̀.

Ni Baba Àdínì ìlú, Alhaji Múkáílà, bá wúkọ́. Ẹ mọ ikọ́ olówó; ó máa ń ní ìtumọ̀. Òun ló ra àgbò wòlímọ̀, òun náà ló háyà àtíbàbà.

"Kòbòkóbò kò ní í ṣíwájú ọmọ onílé níṣojú mi," ló wí. "Agboolé la ó fi máa pe àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà. Àgbà ilé á dìde, á ki ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí kò bá ní agboolé, kó lọ sẹ́yìn. Àbí mo ní ká lé e ni?"

Ẹ wo àánú! Kò ní ká lé e. Ààfáà Búsẹ́rì wo àgbò, ó wo Baba Àdínì, ó ní, "Ọlọ́hun á ṣe é ní ìrọ̀rùn." Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ṣàdúà yẹn fún? Àgbò ni?

Hàwáù gbọ́ ọ níbi tó ti ń ránṣọ. Aṣọ ta ni? Ẹ̀wù wòlímọ̀ gbogbo àwọn ọmọ náà ni, títí kan ti ọmọ-ọmọ Baba Àdínì. Nígbà tí wọ́n ń kó aṣọ wá, kò sẹ́ni tó bi máṣíìnì rẹ̀ pé agboolé wo ló ti wá.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyá Sùmáyà, jẹ́ kó lọ sẹ́yìn. Àárín wọn la ti ń jẹun. Ṣebí Kùránì kan náà ni wọ́n ń kà lẹ́yìn?"

"Bàbá Sùmáyà, Kùránì ò ní ẹ̀yìn, ọmọ wa ló máa ní in. Bó bá gba ẹ̀yìn lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n á máa wá a sí títí tó fi máa bímọ. Ó ti kà á. Ibi ẹni tó kà á ló máa jókòó sí."

Ọjọ́ pé. Hàwáù fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ síwájú pátápátá, ó sì dúró tì í.

"Ìyá Sùmáyà," Baba Àdínì fi gbohùngbohùn pè é, "ẹ̀yìn ni mo wí."

"Mo gbọ́ yín, Baba Àdínì." Kò kúrò.

"Agboolé wo?"

"Ti Ugwu ni, sà."

"Èyí tí a mọ̀ là ń wí! Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe onílé. Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ wá kì wá! Ẹ má fo nǹkan kan, kó lè mọ ìyàtọ̀ onílé àti àlejò."

Àbúrò bàbá Baba Àdínì ni Ìyá Àṣàkẹ́. Láti ọmọge ló ti ń ki ará ilé wọn. Ó dìde tòun ti ọ̀pá, ó tún gèlè ṣe, ó bẹ̀rẹ̀:

"Ọmọ Alápò, ọmọ Tápà agbápò-awọ,
Ọmọ àtọ̀húnrìnwá tí kò mọ ọ̀nà odò.
Ó wọ̀lú lọ́sàn-án, wọn ò fún un ní yàrá,
Abẹ́ igi òdán ló tẹ́ ẹní sí..."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lápá àwọn obìnrin. Baba Àdínì juwọ́. "Ó tó, Ìyá."

"Ẹ ní kí n má fo nǹkan kan," ni ìyá wí, ó sì gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ń kírun lóun nìkan, wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín,
Wọ́n ní, 'Kí lọmọ Tápà ń fi iwájú orí wá nílẹ̀?'
Àlejò àná, onílé òní,
Ọmọ Alápò, máa rọra."

Oríkì yìí, gbogbo ìlú ló ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, níbi ìgbéyàwó, níbi ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi etí gbọ́ ohun tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ jó sí.

Ṣùgbọ́n Baba Àdínì gbọ́n. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò sí ìjà. Láti òní lọ, agboolé wa ti gba ọmọ yìí. Ẹ máa pè é ní Sùmáyà ọmọ Alápò, kó jókòó síwájú."

Àwọn èèyàn ké, "Àlàhú Àkúbárù!" Ẹ̀yin náà fẹ́ ké e níbẹ̀ yẹn, mo rí yín. Ẹ dá a dúró ná.

Hàwáù wo ọkọ rẹ̀. Ibúráhímà ń wo bàtà.

"Rárá o, Baba Àdínì. Ẹ ṣeun. Ọmọ yìí ní bàbá, òun ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn, òun ló ń gbé e wá sí kéwú nínú òjò. Ugwu lorúkọ rẹ̀. Bí orúkọ náà bá wúwo lẹ́nu yín, ẹ gbé e díẹ̀díẹ̀. A ò wá tọrọ bàbá. Àyè tí ọmọ wa kàwé dé la wá jókòó sí."

"Ìwọ obìnrin yìí! Abẹ́ àtíbàbà ta lo dúró sí?"

"Tiyín ni, sà. Oòrùn ni kì í ṣe tiyín."

Ó ká ẹní, ó mú ọmọ rẹ̀, wọ́n jáde sínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ibúráhímà gbé orí sókè. Ó dìde, ó lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀ lórí iyanrìn.

"Rídíwánù!" Baba Àdínì ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ síwájú. "Ó yá, gbé ohùn!"

Rídíwánù lanu, ohùn ò jáde. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń dúró dè é, òun náà ń dúró de ẹlòmíràn.

"Bàbá àgbà, Sùmáyà ló máa ń bẹ̀rẹ̀."

"Kò sí níbí!"

"Ó wà lọ́hùn-ún, sà." Ó ká ẹní tirẹ̀, ó sì lọ bá a.

Làwọn ọmọ tó kù bá tẹ̀lé e, àwọn òbí náà sì tẹ̀lé ọmọ wọn. Ààfáà Búsẹ́rì gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ Ìyá Àṣàkẹ́, ó bọ́ sínú oòrùn, ó ní, "Sùmáyà, ọmọ Ibúráhímà, ọmọ Ugwu! Kà á!" Ìyá Àṣàkẹ́ náà ní kí wọ́n bá òun gbé àga. Nígbà tí ọmọ yẹn fi máa gbé ohùn, ó ku Baba Àdínì àti àgbò lábẹ́ àtíbàbà. Ibòji pọ̀ níbẹ̀ dáadáa.

Ẹ má bi mí bóyá Baba Àdínì túúbá. N ò gbọ́ bẹ́ẹ̀, n ò sì ní fi irọ́ ṣe é lóore.

Ọlọ́hun sọ nínú Súrátù Hújúráátì pé Òun ṣe wá ní orílẹ̀-èdè àti ìran-ìran ká lè mọ ara wa, ẹni tó bẹ̀rù Òun jù ló sì lọ́lá jù. Ká lè mọ ara wa ni. Kò ní ká lè máa to ara wa sẹ́yìn. Ní Súrátù Ahsáàbù, Ó ní ká máa fi orúkọ bàbá àwọn ọmọ tí a gbà tọ́ pè wọ́n. Ká tó wá sọ ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bá bàbá rẹ̀ tọ́! Ẹni tó ní òun gba àlejò, tó ní kó kọ́kọ́ bọ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò gba ẹnikẹ́ni.

Ìwọ tí wọ́n ní kó o lọ sẹ́yìn nítorí ibi tí bàbá rẹ ti wá, má lọ.

Ọlọ́hun Ọba, tọ́ wa sọ́nà. Má ṣe wá ní onílé tó gbàgbé pé Ìwọ lo nilẹ̀. Fún wa ní ẹsẹ̀ tí kì í yẹ̀ níbi òdodo, bí wọ́n tilẹ̀ gba ibòji lórí wa. Àmín, láṣẹ Rẹ.