Aṣọ Òfì Ìyá Ọkọ Mi Tó Bá Ẹrù Omíyalé Lọ

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kíákíá, kí ẹkún tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Bàbá, o ṣé! Èmi tí ẹ ń wò yìí, ìyá Tósìn ti Koumassi Remblais ní Abidjan níbí, lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti palẹ̀ ẹrù mi mọ́ lọ́kàn pé wọ́n máa lé mi nílé ọkọ. Ẹ yin Olúwa!

Gbogbo wa la rántí òjò tó wó ilé àwọn èèyàn ní Abobo. Pásítọ̀ wa ní kí a mú aṣọ wá fún àwọn tí omi lé síta, tí wọ́n kó sí ilé ìwé kan ní Yopougon. Mo ṣa aṣọ. Mo ṣa dáadáa o, kì í ṣe àkísà, torí inú máa ń bí mi tí èèyàn bá fẹ́ sọ ọrẹ àánú di ààtàn. Mo kó o sínú báàgì ńlá kan. Nígbà tí wọ́n wá gbà á, òjò ti ṣú, awakọ̀ bọ́ọ̀sì gbaka tó ń kó ẹrù náà ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà bíi pé ilé ń jó. Mo sáré wọlé, mo gbé báàgì, mo jù ú sínú ọkọ̀.

Àṣé báàgì méjì tó jọra ló wà níbẹ̀. Aṣọ òfì ìyá ọkọ mi ni mo gbé fún wọn!

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Ìyá ọkọ mi, ọmọ Ìsẹ́yìn pọ́nńbélé, ọ̀dọ̀ wa níbí ló kú sí. Òfì tí wọ́n hun fún un nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n tọ́jú rẹ̀ títí Alájì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, fi máa wá gbé e lọ sílé kí àwọn ọmọ lè pín in. Ẹ sì mọ bí pípín aṣọ òkú ṣe ń rí. Tí ìborùn lásán bá dín níbẹ̀, ìyàwó ilé ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò lójú. Àwọn ọkọ mi obìnrin ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé màá tà á.

Alájì ti wà lójú ọ̀nà nígbà tí mo tú báàgì tó kù, tí mo bá ṣòkòtò Tósìn nínú rẹ̀. Haa! Mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Mo gbé ìrẹsì kaná, mo gbàgbé omi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run jà: Bàbá, ṣé torí mo ṣàánú ni? Ṣé kí n má ṣàánú mọ́ ni?

Ilẹ̀ mọ́, mo wọ takisí wóròwóró, mo wọ gbaka, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ dá wa dúró lórí afárá, ó dà bíi kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n máa ti àwọn ọkọ̀ iwájú. Mo dé ilé ìwé náà. Obìnrin tó ń bójú tó wọn, Tàntí ni gbogbo wọn ń pè é, ó ní, "Ah, madame, c'est fini. On a tout partagé."

Wọ́n ti pín gbogbo rẹ̀!

Mo ń wọ kíláàsì kan bọ́ sí èkejì. Mo rí ìborùn náà léjìká ìyá arúgbó kan. Ní kọ̀rọ̀, mo rí ọ̀dọ́bìnrin kan tó bímọ síbẹ̀, ìró òfì ló fi wé ọmọ jòjòló náà. Mo na ọwọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, aṣọ ni mo fẹ́ gbà. Ó rò pé ọmọ ni mo fẹ́ gbé. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ọmọ yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń mí jẹ́jẹ́. Mo ní, Olúwa, mi ò lè gba aṣọ yìí, mi ò sì lè délé láìgbà á. Ọwọ́ rẹ ló wà. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù, mo sọ òótọ́. Alájì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Àwọn méjèèjì ń bọ̀.

Alájì wọlé, agbádá rẹ̀ tutù fún òjò, ojú rẹ̀ le. Mo kúnlẹ̀ tọmọtọmọ. "Alájì, ẹ má bínú, èmi ni mo ṣi báàgì gbé."

Alájì fi èdè Júlà tó ti kọ́ lọ́jà Adjamé nígbà èwe rẹ̀ bi Tàntí pé báwo ló ṣe pín in. Tàntí ní àgbà ni òun kọ́kọ́ fún, òun sì ń bọ̀ wálẹ̀ títí dé orí ọmọdé.

Alájì bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan! Bí a ṣe ń pín in nílé náà nìyẹn."

Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó gbàdúrà fún un bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń gbà á, èmi ń ṣe àmín lórúkọ Jésù, kò sẹ́ni tó bínú sẹ́nì kan. Lẹ́yìn náà ló pe àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ìsẹ́yìn, èyí tí mo bẹ̀rù jù. Ìyẹn ń pariwo débi pé gbogbo kíláàsì ló ń gbọ́ ọ. Alájì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Rísíkátù, wọ́n ti pín aṣọ Màmá. Ìró ló kan àbíkẹ́yìn Màmá. Òun ni mo gbé lọ́wọ́ yìí."

Rísíkátù bi í lọ́hùn-ún pé ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ẹ̀yin ará, àyà mi tí kò balẹ̀ látìgbà tí mo ti tú báàgì balẹ̀ wọ̀ọ̀!

Ẹ dìde, ẹ bá mi jó! Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó sọ ẹjọ́ mi di ìkómọ! Alájì kò tíì padà sílé o. Ó ní òun ò ní kúrò ní Abidjan láìtíì sọ àbúrò òun lórúkọ.