Àtàńpàkò Mi Lórí Aago Eré

Ọdún méje ni mo ti ń kọ̀wé nípa eré ìdárayá lójú ewé yìí, ọdún méje náà lẹ sì ti ń gbà mí gbọ́. Ẹ gbà mí gbọ́ nítorí pé èmi fúnra mi ti sáré rí, ẹ sì máa ń sọ pé Cornelius Ògúnṣẹ̀yẹ kì í bù mọ́ ọ̀rọ̀. Lóòótọ́, n kì í bù mọ́ ọn. Ohun tí mo ṣe burú ju ìyẹn lọ. Mo jí àkókò ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀sán gangan ni mo jí i, lójú èrò rẹpẹtẹ, kò sì sí ẹni tó mú mi. Dókítà tó ń tọ́jú àyà mi ní Iléṣà ti sọ fún mi láìfi bò pé n kò ní pẹ́ mọ́. N kò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọnú sàréè. Ibí ni mo ti purọ́. Ibí náà ni màá ti jẹ́wọ́.

Ní ọdún 1955, mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí kọ́lẹ́ẹ̀jì kò jẹ̀bi. Pápá koríko kan wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sá yí i ká lẹ́ẹ̀kan ti sá eré tí a ń pè ní kọ́tà. Mo sá a láìwọ bàtà ní àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá géérégé. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó tó wà nínú gbọ̀ngàn: Ògúnṣẹ̀yẹ C., 50. Ọdọọdún làwọn ọmọ tuntun ń gbìyànjú láti lé orúkọ yẹn kúrò. Kò sí ẹni tó lè lé e. Mo di tíṣà. Mo kọ́ni ní Ẹ̀sà-Òkè fún ọgbọ̀n ọdún. Ìyàwó mi kú, irun mi funfun, orúkọ mi ṣì wà lára pátákó. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ tí ìwé ìròyìn yìí bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa kọ̀wé lórí eré ìdárayá. Ẹnì kan sọ fún wọn pé tíṣà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sá jù láti 1955. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn. Mo gba yàrá kan ní àdúgbò Ìgbọ̀nà níbẹ̀, mo ra tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn pé pátákó yẹn ni mo ń jẹ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992, wọ́n ní ọmọ kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, Nehemiah Awóníyì. Julianah ìyá rẹ̀ jẹ́ opó, ó ń ṣe oko kòkó àti obì ní abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà. Mo lọ wo ọmọ náà. Kò fi apá ṣòfò, orí rẹ̀ kò mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pariwo lórí koríko. Mo padà sí Òṣogbo, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni mo kọ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo tún lọ, ó wá dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó ní, "Sà, orúkọ yín ni mo máa ń wò kí n tó wọ pápá." Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ bá yín sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni, sà. Ẹ ti rù ú pẹ́, ọrùn á ti máa dùn yín." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé inú mi.

Kóòṣì kan wá láti Èkó lọ́dún yẹn, ó ń ṣa àwọn tí yóò lọ sí ibùdó ìgbaradì. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá sá kọ́tà tí kò pé àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá níbi ìdíje ọdún náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun á mú un lọ, wọn á máa tọ́ ọ, wọn á sì rán an lọ sí yunifásítì. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí Nehemiah ní láti kúrò lóko nìyẹn. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tí yóò di aago eré mú. Ìkejì mi ni Rájí, tíṣà eré ìdárayá kan ní Òṣogbo. Mo kọ́ ọ níwèé rí, èmi ni mo sì bá a wá iṣẹ́ tó ń ṣe. Aago mẹ́ta ló yẹ kó wà. Bí mẹ́ta bá wà, ti àárín ni wọ́n ń mú. Bí ó bá jẹ́ méjì, tí wọn kò bára mu, èyí tó pẹ́ jù ni wọ́n ń mú. Òfin eré ìje nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó yẹ kó di ìkẹta mú kò wá. Kóòṣì dìde, ó ní òun á dì í mú. Mo ní, "Ẹ jókòó, sà. Àlejò kì í ṣiṣẹ́ nílé wa. Àwa méjì tó." Inú rẹ̀ dùn sí ọ̀wọ̀ tí mo fún un, ó sì jókòó. Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà bóyá mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀.

Ìbọn dún. Nehemiah jáde. Títí tó fi dé ìdajì, ó ń sá bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ pẹ́. Nígbà tó yọ ní kọ́nà ìkẹyìn, ó ti dá wà. Mo wo ọwọ́ aago, mo wo ọmọ náà, mo sì rí i pé orúkọ mi ti kúrò lára pátákó. Okùn òpin eré já ní àyà rẹ̀. Rájí tẹ tirẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe dún. Àtàńpàkò mi wà lórí bọ́tìnì. N kò tẹ̀ ẹ́. Mo dúró. Ìgbà tí ọwọ́ aago kọjá àádọ́ta ni mo tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo ṣe kò gba agbára kankan. Àìṣe nǹkan ni.

Rájí sún mọ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n, mọ́kàndínláàádọ́ta lé díẹ̀ ni tèmi." Mo fi tèmi hàn án: àádọ́ta àti ìdá méjì nínú mẹ́wàá. Ó wo aago, ó wo ojú mi. "Ẹ̀gbọ́n, a jọ dúró síbí ni. Mo gbọ́ ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́." Mo ní, "Tí aago méjì ò bá bára mu, kí ni òfin wí?" Ó ní, "Èyí tó pẹ́ jù." Mo ní, "Ẹnu rẹ ló ti jáde." Ó bu ọwọ́ lùwé. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Ọlọ́hun wà níbí, ẹ̀gbọ́n." Mo lọ bá Nehemiah. Ó ṣì ń mí gúlegúle. Ó ní, "Sà, ó dá mi lójú pé mo ti gbà á." Mo gbá a léjìká. "Ara ló tàn ọ́. Aago kì í tan ènìyàn." Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹnu tí mo fi ń gbàdúrà ni mo fi sọ ọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, mo kọ ọ́ síbí pé ọmọ náà gbìyànjú, pé díẹ̀ báyìí ló kù fún un. Mo kọ ọ́ dáadáa. Àwọn kan kọ lẹ́tà wá pé omi bọ́ lójú àwọn.

Ẹ rò pé èyí ló burú jù. Kì í ṣe òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, kóòṣì kọ̀wé sí mi. Ó ní ohun tí ojú òun rí lọ́jọ́ yẹn kò bá ohun tí aago sọ mu. Ó ní, "Ẹ̀yin ni mo fọkàn tán. Ṣé kí n pe ọmọ náà wá, kí n fúnra mi wò ó?" "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ni n bá kọ. Gbogbo ohun tí mo bà jẹ́ ni n bá fi tún ṣe, ẹnikẹ́ni kì bá sì mọ̀. Mo jókòó nídìí tábìlì mi ní Ìgbọ̀nà, mo kọ gbólóhùn méjì. "Ọmọ náà kò tíì tó. Ìwà rẹ̀ kò sì dára." Ti àkọ́kọ́, ìgbéraga ló kọ ọ́. Ìkejì yẹn, ìkà ni. Nehemiah kò ṣẹ̀ mí rí, àfi àwàdà kan ṣoṣo tó ṣe. Mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Kóòṣì kò tún béèrè rẹ̀ mọ́.

Kí ọdún yẹn tó parí, Nehemiah pa ìwé tì. Ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń wa góòlù ní Ìtagúnmòdì. Nígbà òjò ọdún 1994, kòtò ya lù ú. Wọ́n yọ ọ́ láàyè, ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún. Mo gbọ́ ọ, n kò kọ ọ́ síbí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìyá rẹ̀ wá mi dé Ìgbọ̀nà pẹ̀lú iṣu àti obì. Ó ní, "Tíṣà, mo wá dúpẹ́ ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ kọ orúkọ ọmọ mi sínú ìwé. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ulé mi. Bí àlejò bá dé, mo máa ń ní kí wọ́n kà á sí mi létí." Ọdọọdún ló ń wá láti ìgbà náà. Mo ń gba iṣu náà. Mo ń jẹ ẹ́.

Ní oṣù tó kọjá, àwọn tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kọ̀wé sí mi pé wọn yóò fi orúkọ mi sọ ife ẹ̀yẹ eré kọ́tà. Mo ka ìwé náà tán, mo wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé Julianah. Òun àti Nehemiah jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó obì. Mo dúró, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí aago dé orí lẹ́tà. Obì kò kúrò lọ́wọ́ Nehemiah. Ó ní, "Mélòó ni mo sá?" Mo ní, "Mọ́kàndínláàádọ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá." Ó mi orí. "Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ mi sọ fún mi." Ìyá rẹ̀ wọlé. Ó já ìwé ara ògiri náà, ó sì fi í sí mi lọ́wọ́. "Ẹ gba nǹkan yín, Tíṣà." Kò bú mi. Mo bẹ Nehemiah pé kó dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ ná, sà. Ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ kọ tàkọ́kọ́ sí."

Làbákẹ́, olóòtú wa, ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Bàbá, ta ló bi yín? Ẹ jẹ́ kó sùn. Àwọn èèyàn á ní gbogbo ohun tí ẹ ti kọ rí, irọ́ ni." Mo ní wọn yóò jàre. Mo ní bí kò bá tẹ̀ ẹ́, màá kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa ní Iléṣà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ lọ. A ó tẹ̀ ẹ́." Rájí ní kí n dárúkọ òun. Bébà tó kọ àkókò Nehemiah sí lọ́jọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti fún Làbákẹ́.

Mo ti kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì pé n kò gbà kí wọ́n fi orúkọ mi sọ ife ẹ̀yẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ fi orúkọ sọ ọ́, wọ́n mọ orúkọ tó yẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí aago ẹlòmíràn yóò wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má wo orúkọ ara yín lọ́jọ́ náà. Bí okùn bá ti já, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka iṣẹ́ mi, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ìdáríjì ti Nehemiah ṣì ń bọ̀, tàbí kó má bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Èyí ni ohun tó ní kí n kọ, òun sì ni ìkẹyìn tí màá kọ lójú ewé yìí. Kí ẹni tó ni ọ̀dà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mú un, kó pa tèmi rẹ́, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí:

Awóníyì N., 49.3. Ọdún 1992.