Ọmọ Tí Wọ́n Gé Kúrò Lábẹ́ Pátákó Ìbàdàn

Ọládèjì kọ̀, kò jókòó. Tọ́ládé nawọ́ sí àga fún un nínú pálọ̀ tí òun àti ìyá rẹ̀ jókòó sí ní Thamesmead, ní London, ó ní rárá o, ìdúró ni òun máa fi sọ ọ́, torí tí òun bá fi lè jókòó, irọ́ mìíràn ni òun máa tún pa. "Òtítọ́ ni mo bá wá lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó lé mi jáde. Orí Mummy pé, Sister Tọ́ládé. Orí wọn ò dàrú rí. Èmi ni mo fi irọ́ bà wọ́n lórí jẹ́."

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó máa ń kí àlejò káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì! Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ní Woolwich, ṣùgbọ́n ohun tó gbà á lọ́kàn ni àwòrán àtijọ́ àwọn títì márosẹ̀ Èkó: Ìkòròdú Road nígbà tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán, àti àwọn pátákó ìtọ́nà ayé ìgbà yẹn. Ó ń tọrọ wọn lọ́wọ́ àwọn àgbà ìjọ, ó ní òun fẹ́ pàtẹ wọn sí gbọ̀ngàn kan ní Yarnton Way. Ìyá Tọ́ládé, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Mummy, kó ti ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé fún un. Ìjọba ló gba ọkùnrin náà pé kó máa ya àwòrán títì tuntun. Nínú ọ̀kan, ọmọbìnrin kékeré kan dúró lábẹ́ pátákó tí wọ́n kọ Ìbàdàn sí. Mojọláolúwa nìyẹn, àkọ́bí wọn. Ibà pa á kí wọ́n tó bí Tọ́ládé, wọn ò sì ya àwòrán mìíràn fún un. "Dèjì, rọra mú un o," ni Mummy wí. "Òun nìkan ni mo ní."

Ó mà rọra mú un! Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo férémù tó rà, àwòrán náà sì gùn jù. Kó ra férémù mìíràn, kò rà. Lójú tiẹ̀, ńṣe ni ọmọ yẹn ń ba títì jẹ́. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé e dànù, ó jù ú sí bíìnì. Bó ṣe gé àwòrán àwọn ẹlòmíràn náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, Mummy dúró níwájú férémù. "Dèjì, ọmọ mi dà?" Ọládèjì wo àwọn férémù yòókù. Tó bá jẹ́wọ́ fún ẹnì kan, gbogbo àwọn tó yá a láwòrán ló máa dìde sí i. Ló bá rẹ́rìn-ín. "Mummy, ọmọ wo? Títì àti pátákó nìkan lẹ fún mi." Mummy taku. Ọkùnrin yìí fi orúkọ Jésù búra, ojú ò tì í! Ó tún fa Tọ́ládé sí kọ̀rọ̀. "Sister, ẹ máa ṣọ́ Mummy o. Ó jọ pé ọjọ́ orí ti ń ṣe wọ́n bákan."

Inú àpótí ni Mummy ń fi àwòrán náà pamọ́ sí, Tọ́ládé ò rí i rí. Nọ́ọ̀sì ni Tọ́ládé, ó ti rí irú àìsàn ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní kó má dáná mọ́, kó má dá wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Nígbà tó yá, ìyá fúnra rẹ̀ gbà pé orí òun ti ń lọ. Ó bi Tọ́ládé léèrè pé, "Ṣé mo bí Mojọláolúwa rárá, àbí mo lá a ni?"

Ní Sunday tó kọjá, Mummy di ọwọ́ Ọládèjì mú lẹ́yìn ìsìn. "O ṣeun tí o sọ òtítọ́ fún mi, ọmọ mi." Ó tún gbàdúrà fún un. Àdúrà yẹn ló lé Ọládèjì wá sílé wọn lónìí.

Bó ṣe sọ ọ́ tán, Tọ́ládé ti dìde. "Say that again. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá mi nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ! Mo ti ń wá care home fún wọn! Nítorí férémù? Are you mad?"

Ọládèjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Dìde ńlẹ̀ jàre! Kí ni mo fẹ́ fi ìdọ̀bálẹ̀ ẹ ṣe?"

"Mo bí i," ni Mummy wí láti orí àga rẹ̀. Ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Tọ́ládé, o gbọ́? Mo bí i!" Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le. "Èyí tí o gé dà?"

"Mo ti jù ú nù, Mummy."

"Má pè mí ní Mummy mọ́ láé." Ó tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. "Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ó ti pẹ́ tí mi ò ti rí ojú rẹ̀ kedere nínú àwòrán yẹn. Ìwọ lo rí i kẹ́yìn. Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín?"

Ọládèjì gbójú sókè. Tọ́ládé ń wò ó láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó ń mi orí sí i pé kó sáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọládèjì wá ọmọ náà nínú ọkàn rẹ̀ títí. Ó rí títì, ó rí lẹ́tà ara pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rí ibi tí òpó rẹ̀ ti dípẹtà.

"Mi ò wò ó, mà," ló wí.