Ajẹmáyó Ò Ní Kú Lẹ́nu Tèmi

Ìyá Láńre, ẹ má gbé àga fún mi o, n ò jókòó! Bí mo bá jókòó, inú mi á rọ̀, n ò sì fẹ́ kó rọ̀. Láńre ọmọ yín dà? Kò sí nílé? Ó yẹ kó sá! Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, kí ẹ dá a lẹ́jọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ bí i.

Ṣé èmi ni mo lọ bá a pé kó fi mí sínú kàtúùnù tó ń ṣe? Òun ló wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, "Mọ́mì Ọmọ́túndé, kò sí irú ohùn yín ní gbogbo Ọ̀tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi yá mi." Orí mi wú. Ó tì mí sínú wọ́dúróòbù, ó fi aṣọ ìbora bò mí, ó ní kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má baà wọlé. Òógùn bò mí bí ẹni tó ń yan ẹja! Ó ní kí n pariwo bí mo ṣe ń pariwo níbi iṣẹ́. Mo pariwo! "Ẹ tú báàgì yín! Ẹnikẹ́ni ò kọjá!" Mo rò pé akọni ni mò ń ṣe. Ta ni ò ní rò bẹ́ẹ̀? Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń yẹ ara àwọn obìnrin wò ní géètì iléeṣẹ́ tó ń ṣe àpò ọ̀rá ní Sango, kí wọ́n má baà kó ọjà ọlọ́jà lọ sílé.

Àfi bí kàtúùnù ṣe jáde sórí fóònù. Yéè! Obìnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan, ikùn mẹ́ta, tó ń gbé bíríìjì Sango mì bí òkèlè, Ajẹmáyó ni wọ́n ń pè é, ohùn mi ló sì ń jáde lẹ́nu ẹ̀! Àmì dúdú ẹ̀gbẹ́ imú mi yìí, Láńre ò gbàgbé ẹ̀, ó yà á síbẹ̀! Kí ni mo fi ọmọ yín ṣe?

Ẹ wá gbọ́ ẹni tó fi ohùn ṣe Abo Ẹkùn, akọni tó ń lé mi kiri. Susanna! Susanna tí mo mú ní géètì lóṣù tó kọjá, tó fi ọ̀rá wé ikùn, tó ní oyún ni! Oyún wo ló ń dún bí ọ̀rá? Olè di akọni, ẹni tó mú olè di ìkà!

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rín in. Ayọ̀kúnnúmi, ọmọ ọmọ mi tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, ó jókòó ti fóònù, ó ń pariwo, "Abo Ẹkùn, pa á! Pa á!" Mo ní, "Ayọ̀, ìyá àgbà ẹ nìyẹn o." Ó ní òun mọ̀. Ó mọ̀! Báyìí, bí mo bá bu oúnjẹ fún un, á kọ́kọ́ wo ikùn mi ná. Ó dùn mí wọra.

Síbẹ̀, mo gbà á mọ́ra. Rauf tó ń wa mọ́tò ẹrù níléeṣẹ́ wa ń kí mi pé, "Ajẹmáyó, a bẹ̀rù yín o!" mo sì ń dáhùn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin náà ti ń tú báàgì kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí ni Láńre wá ní Sátidé ni eré máa parí, Abo Ẹkùn máa pa Ajẹmáyó, kí n wá ké igbe ikú mi. Kí n ké pé, "Yéè, mo kú o!"

Èmi? Kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Àṣẹ ń bẹ lẹ́nu, Ìyá Láńre, Pásítọ̀ Amos ṣì wàásù nípa ẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi! Láńre ní eré lásán ni. Mo ní tó bá jẹ́ eré, kó ké e fúnra ẹ̀. Ó wolẹ̀, ó họ orí, ó ní òun náà ò lè sọ ọ́. Ẹ gbọ́ ná! Òun ò lè sọ ọ́, èmi ni kí n sọ ọ́!

Ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ", mo ti kọ̀ ọ́. Ẹ sọ fún un, Ajẹmáyó ò ní kú. Kó jẹ́ kó sá gba ọ̀nà Àtàn-Ọ̀tà lọ, kó lọ dáko níbẹ̀, n ò bínú. Kí Ayọ̀ rí i pé ìyá àgbà òun lọ láàyè.

Kí lẹ wí? Kí Ajẹmáyó ronú pìwà dà? Kó kúnlẹ̀ fún Susanna, kó tọrọ àforíjì? Haa! Haa-haa-haa! Ìyá Láńre, ẹ ò ní pa mí! Kí ni Ajẹmáyó ṣe tó fẹ́ ronú pìwà dà? Ṣebí iṣẹ́ géètì ló ń ṣe!