Ọ̀rọ̀ tí Mi Ò Bá Agbo Sọ

Ìyá Xuban, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ti fèrèsé yẹn. Mo mọ̀ pé eré kẹ̀kẹ́ máa gba iwájú ilé yín kọjá lónìí, mo sì mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi kí wọ́n tó dé. Ẹ̀yin aládùúgbò tí ẹ tò sí etí títì, ẹ sún mọ́ ibí, nítorí ẹ wà lára àwọn tí mo parọ́ fún. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Dókítà ti wo ẹ̀dọ̀fóró mi, ó ní kí n máa palẹ̀ mọ́, àmọ́ irọ́ yìí ò jẹ́ kí n rí oorun sùn, ká má tíì sọ pé kí n kú.

Èmi Imanol ni mo kọ́ Xuban bí wọ́n ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ọdún tí mò ń wí yìí, òun ló wọ ẹ̀wù aṣíwájú ní ọjọ́ tí eré máa parí, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Mo ti ń dàgbà, wọn ò sì tíì dé txapela, fìlà ẹni tó borí, lé mi lórí rí. Ọmọ tí mo nu imú fún ló fẹ́ dé e ṣáájú mi. Ìlara ni, ẹ jẹ́ kí n pè é lórúkọ tó ń jẹ́.

Koldo, ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, ló kọ́kọ́ fẹnu bà á láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní, "Ẹ̀yìn ilé ọmọ yẹn gan-an ni òkè Urkizu ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa fẹ́ dúró kí bàbá ẹ̀."

Mo ní, "Kí ló kàn mí níbẹ̀?"

Ó ní, "Ta ló máa ń bá a bá agbo sọ̀rọ̀?"

Èmi ni. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: bí eré bá dé ìlú ẹnì kan, ó máa tọrọ àyè, agbo, ìyẹn gbogbo àwa tá a jọ ń sáré, á rọra, òun á lọ ṣáájú lọ dì mọ́ àwọn èèyàn ẹ̀, wọ́n á sì gbà á padà. Ẹnikẹ́ni kì í sá fi í sílẹ̀. A ò kọ àṣà yìí sínú ìwé kankan, ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà ti tó.

Nígbà tí ilé yín ku díẹ̀, Xuban wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi ò lè dìde lórí àga mọ́. Ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n dúró díẹ̀?"

Mo ní, "Fara balẹ̀, màá bá ẹ bi wọ́n." Mo rọra fà sẹ́yìn sáàárín agbo. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mi ò bi ẹnì kankan. Mo bá ọkùnrin kan ṣàwàdà nípa ọtí èso tó mu yó lálẹ́ àná, mo sì padà síwájú. Mo ní, "Wọ́n ti gbà. Lọ, má kánjú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé o. Màá ní kí ìyá mi se ẹ̀wà dúdú fún yín."

Ó lọ. Ìyá, ẹ nawọ́ sí i, ẹ ní, "Xuban, wá, bàbá ẹ ń retí ẹ." Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri yín, ó bẹ̀rẹ̀, ó dì mọ́ bàbá ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti dìde lórí kẹ̀kẹ́ tí mo fi gbogbo agbára mi sá. Agbo ò mọ nǹkan kan, wọ́n tẹ̀ lé mi. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ bàbá ẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀. Mi ò dúró, ìkà ni mí. Ibi tó ti ń lé wa bọ̀ ló ti ṣubú ní kọ́nà tó wà lẹ́yìn Urkizu, tí egungun ìbàdí ẹ̀ fi fọ́.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ni Xuban ti sọ fún àwọn oníròyìn pé èmi ni mo ní agbo ti gbà. Wọ́n bi agbo, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Wọ́n wá bi èmi, tèmi ti txapela lórí. Mo ní, "Èmi kẹ̀? Mi ò mọ ohun tí ọmọ náà ń sọ. Bóyá ìyá ẹ̀ ló pè é tó fi gbàgbé pé òun ń sáré." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì tàn ká gbogbo àfonífojì yìí.

Nígbà tí a sin bàbá Xuban, ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ ní, "Imanol, èmi ni mo ba ayé ọmọ mi jẹ́. Ká ní mi ò pè é." Ẹnu mi tó yẹ kó sọ̀rọ̀, ẹ̀wà yín ló kún inú ẹ̀. Mo ní, "Ẹ gbàgbé ẹ̀, ìyá."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ bá Xuban ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé, kò gbójú sókè. Ó ní, "Èmi tí ẹ parọ́ fún, ṣé mi ò mọ̀ ni? Ìyá mi ni kò mọ̀. Mo sọ fún wọn títí, wọ́n ní mo kàn ń fi rẹ àwọn lẹ́kún ni. Ẹnu yín nìkan ni wọ́n máa gbà á gbọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́, bí ẹnì kan bá fi ẹ̀yìn ẹ̀ tì yín, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Fìlà náà rèé, mo gbé e lé ojú fèrèsé yín, ìyá. Ẹ sọ ọ́ sínú iná bó bá wù yín. Ọmọ yín lẹ pè lọ́jọ́ yẹn kó wá kí bàbá ẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Èmi ni mo ba ayé ẹ̀ jẹ́.

Mo ti ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ tó ń ṣáájú wọn. Xuban náà rèé, ó ti gbé àga yín síta. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí kí wọ́n tó kọjá. Ẹ ṣáà jáde wá jókòó, kí ẹ wo eré.