Sálúbàtà Tí Orogún Mi Hun Fún Ìyá Ọkọ Wa

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni wọn yóò so yìgì ọmọ tí mo tọ́ dàgbà, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn. Èmi kọ́ ni mo bí i. Sàlámọ́tù, orogún mi, ló bí i, Sàlámọ́tù kò sì sí nínú ilé yìí mọ́. Gbogbo ará ilé wa ní Bẹẹrẹ ló gbà pé òun ló fi sálúbàtà pa ìyá ọkọ wa. Èmi nìkan ni mo mọ bó ṣe jẹ́, ẹ̀yin sì ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Ọṣẹ dúdú ni mo ń sè nígbà náà, ní àkókò tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú. Ìyàwó òyìnbó oníwàásù kan ní Kúdẹtì a máa ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí òwú irun àgùntàn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti ìlú wọn, tó ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun. Ó kọ́ mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé yóò hun sálúbàtà tó tóbi jù fún ẹnikẹ́ni, yóò wá rì í sínú omi gbígbóná, yóò fi ọṣẹ mi fọ̀ ọ́, yóò máa fi ọwọ́ rún un títí òwú náà yóò fi sún kì, tí yóò nípọn, tí yóò sì ba ẹsẹ̀ mu wẹ́kú. Kò pẹ́ tí èmi náà fi mọ̀ ọ́n. Mo ń fi í ṣe òṣùká tí a ń gbé ìkòkò gbígbóná lé, bí ọyẹ́ bá sì dé, kò sí àgbàlagbà ilé wa tí kì í wọ sálúbàtà mi. Orí mi wú, n kò ní purọ́ fún yín.

Ìgbà náà ni ọkọ wa gbé Sàlámọ́tù wọlé, ó ní kí n kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Mo kọ́ ọ ní híhun, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ. Àmọ́ ìgbà tó bá lọ sí Ọjà'ba ni mo máa ń gbé omi kaná láti rún tèmi, kó má baà rí i. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Ìyálé mi, kí ló ń sọ tiyín di kékeré? Tèmi ṣì ń tóbi."

"Oòrùn ni," mo dá a lóhùn. "Sá a dáadáa."

Kí ló sún mi débẹ̀? Ìlara ni, kò lórúkọ míì.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún kẹta mú, tí ọmọ tó bí ti ń rìn, Sàlámọ́tù hun sálúbàtà fún ìyá ọkọ wa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù nini. Ó sá a fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ó gbé e wá fún mi pé, "Ìyálé mi, ó ṣì fẹ̀ o. Ṣé kí n fún Ìyá bẹ́ẹ̀?" Mo ní kó fún un, pé yóò mọ ẹsẹ̀ tó bá yá. Ohun tí mo fẹ́ ò ju pé kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá gbàdúrà fún un títí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dìde láti lọ ṣe àlùwàlá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹbọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù, pa ilẹ̀ ni, ó ń dán. Iwájú sálúbàtà ká sábẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣubú lé ẹnu ọ̀nà. Ìbàdí rẹ̀ kán. Wọ́n tò ó títí, kò lè rìn mọ́, òjò àkọ́rọ̀ kò sì bá a láyé.

Ọkọ wa gbé sálúbàtà náà sókè lójú ẹbí, ó bi Sàlámọ́tù bóyá ìdẹkùn ló hun. Sàlámọ́tù wo ojú mi. Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Wọ́n lé e padà sílé bàbá rẹ̀ nísàlẹ̀ Mápó, wọ́n sì gbé ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú lé mi lẹ́sẹ̀. Títí di òní, Sàlámọ́tù gbà pé oòrùn ni kò tó.

Mo bi ọmọ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá kí a pe ìyá rẹ̀ síbi yìgì. Ó ní, "Ẹni tó pa ìyá bàbá mi ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹ̀yin ni ìyá mi."

Lánàá ni mo pàdé Sàlámọ́tù lọ́jà. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó kúnlẹ̀ fún mi láàárín èrò. "Ìyálé mi, ẹ ṣé tí ẹ bá mi tọ́ ọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n dúró sẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ náà, kí n lè gbọ́ ohùn ẹ̀."

Kò bú mi rárá. Ìbá bú mi, ìbá sàn! Mo ní kó dìde, pé màá rí sí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ mi ṣì wà láàyè. Tí mo bá la ẹnu, yóò lé mi, ọmọ náà kò sì ní pè mí ní ìyá mọ́ láéláé. Tí n kò bá là á, abiyamọ yóò dúró sẹ́yìn ògiri níbi yìgì ọmọ tó bí. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á tipẹ́. Kí ni kí n ṣe? Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù.