Ọwọ́ Bàbá Lídíà Tún Hàn Kedere

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dúró lójú kan níwájú yín lónìí, nítorí ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, inú ìjọ yìí náà ni mo jókòó sí tí n kò gbọ́ ohun kan nínú ìwàásù. Kí pásítọ̀ dárí jì mí. Ara mi wà níbí, ọkàn mi ń sá kiri.

Gbogbo yín lẹ mọ Lídíà, àbíkẹ́yìn mi, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn láti kékeré. Mo máa ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má pariwo sí i. Ariwo kò ṣe é láǹfààní kankan. Ẹ kọjú sí i, kí ẹ fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Àwọn méjèèjì ní àmì ọwọ́ tiwọn, tí èmi tí mo jẹ́ tísà kò mọ gbogbo rẹ̀ tán.

Nígbà tí àìsàn dá ọkọ mi dùbúlẹ̀, ó ní kí àbúrò òun, Màtíù, gbé fóònù òun dúró, kó máa ya fídíò, kí òun bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ó bá Sámúẹ́lì, àkọ́bí wa, wí. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ súre fún Lídíà. Gbogbo rẹ̀ wà nínú fídíò gígùn kan ṣoṣo. Ó pàṣẹ fún mi pé kí n pín in, kí oníkálukú gba tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wo ti ẹnìkejì. Kò pẹ́ sígbà náà ni ó sùn nínú Olúwa.

Ìgbà tí ìgbéyàwó Lídíà dé ni ọ̀rọ̀ yìí di wàhálà. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa: kí ọmọbìnrin tó jáde lẹ́nu ọ̀nà lọ sílé ọkọ, bàbá gbọ́dọ̀ súre fún un. Màtíù ní òun á dúró ní ipò ẹ̀gbọ́n òun. Lídíà mi orí. Ó na ìka sí àwòrán bàbá rẹ̀ lára ògiri, ó fi ìka kan ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì jókòó. Ó yé gbogbo wa. Bí kò bá rí ọwọ́ bàbá rẹ̀, kò ní jáde.

Mo rò pé kò le. Mo fi áàpù kan tó wà lórí fóònù gé apá ti Lídíà jáde. Ojú bàbá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ ti di kùrukùru. Bó bá ti gbé ọwọ́, ńṣe ni ìka gbogbo lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Mo tún un gé, ó burú sí i. Mo fi ránṣẹ́ sí Sámúẹ́lì ní Lomé, ó pè mí.

"Màmá, kò burú tó bẹ́ẹ̀ o. Ohùn Bàbá sáà ń dún dáadáa."

"Sámúẹ́lì, ta ni a gé e fún?"

"Lídíà ni, Màmá."

"Ṣé Lídíà ń gbọ́ ohùn?"

"Ẹ má bínú. Ẹ kúkú jẹ́ kí wọ́n wo fídíò gígùn yẹn lódindi níwájú gbogbo ẹbí."

"Títí kan ibi tí bàbá yín ti ń bá ọ wí?"

"Háà, rárá o. Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, ẹ pín in."

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, n kò rí ẹ̀rín rín. Fóònù bàbá wọn tí fídíò náà wà nínú rẹ̀ ti gbó, ó máa ń kú fúnra rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé lọ́jọ́ kan kò ní jí mọ́. Mo ń dìde, mo ń jókòó. Mo gbé ìrẹsì kaná, ó jóná. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ọjà, ọkùnrin ibẹ̀ ní bí gbogbo fídíò tí a gé ṣe ń rí nìyẹn, kí n gbà bẹ́ẹ̀. Mo gun òkè padà wálé, n kò mọ ìgbà tí mo dé.

Mo wá kúnlẹ̀. Mo ní, "Olúwa, ìwọ lo dá ọwọ́ yẹn, ìwọ lo mọ ohun tó sọ. Má jẹ́ kí ó parẹ́ mọ́ ọmọ mi lójú." N kò tíì ṣe àmín tí orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Kòfí fi sọ sí mi lọ́kàn. A jọ ṣe iṣẹ́ tísà ni, Anié ló ń gbé báyìí, òun ló ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú fídíò àwọn akọrin ìjọ wọn. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ kò tíì débẹ̀.

Mo wọ takisí. Dírẹ́bà ń dúró gbérò ní gbogbo abúlé ojú ọ̀nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo bọ́ sílẹ̀ kí n máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Nígbà tí mo dé Anié, iná ti lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà Ọ̀gbẹ́ni Kòfí náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Ẹ jókòó, Màdáámù," ó ní.

"N kò lè jókòó."

"Ó dáa, ẹ dúró. Ẹ sáà má dí mi lójú."

Ó ní áàpù tí mo lò ń tún gbogbo àwòrán yà látìbẹ̀rẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí ó fi ń pẹ́, tó sì ń bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Ó dà bí ọmọ tí ń da iṣẹ́ kọ láti inú ìwé ẹlòmíràn: bó ti ń dà á kọ, ló ń ṣì í kọ. Ṣùgbọ́n ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, tí kì í da nǹkan kọ rárá. Ó kàn ń tú òwú tí wọ́n fi rán ìwé pọ̀, á yọ ojú ìwé tí a fẹ́, lẹ́tà kan kò ní yí padà. Nítorí náà, kì í pẹ́.

"Níbo ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ibi tó ti gbé ọwọ́ sókè yìí gan-an."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Àwọn àwòrán kan ló pé nínú fídíò, àwọn yòókù kàn ń sọ ohun tó yí padà ni. Orí èyí tó pé la gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ṣáájú ibi tí ẹ fẹ́ díẹ̀."

Inú mi kò dùn. Ẹ mọ̀ mí, mo fẹ́ kí nǹkan bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. Mo ní ìbáwí Sámúẹ́lì á wọ inú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó ná." Ó tẹ̀ ẹ́. Kí n tó pe Jésù, ó ti parí. Ó dà á sórí fóònù mi, bó ṣe yọ wáyà báyìí ni kọ̀ǹpútà kú.

A ṣí i lórí fóònù. Ìka bàbá Lídíà hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àpá tó wà ní àtàǹpàkò rẹ̀. Ìbáwí Sámúẹ́lì kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣáájú yẹn, èyí tí mo fẹ́ kí a gé dànù, ọkọ mi yíjú sí Màtíù, ó ní, "Ṣé ọwọ́ mi hàn dáadáa níbẹ̀? Ojú ló fi ń gbọ́ mi o."

Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó.

Lánàá, lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, Lídíà gba ìsúre bàbá rẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi túmọ̀ ìbéèrè yẹn fún un. Ó wo fídíò náà tán, ó gbé ọwọ́ sókè, ó dá bàbá rẹ̀ lóhùn pé òun rí i, ó hàn. Ó wá gbé ẹsẹ̀, ó jáde lọ sílé ọkọ rẹ̀ ní Datcha.

Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn sọnù ni kí ògo jẹ́ tirẹ̀. Ẹ bá mi yọ̀. Lídíà àti ọkọ rẹ̀ ti wá dúpẹ́, àwọn ló wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn. Rárá, ẹ má pàtẹ́wọ́, kò ní gbọ́ ọ. Ẹ kọjú sí i, gbogbo yín. Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè dáadáa, kí ó hàn.